Ebi Ti Lọ, Ọwọ́ Dilẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ lòwe yìí fún ẹni tó ń jí láìmọ ohun tí yóò bọ́ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí ebi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì bùṣe. Òun ni ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó lè dín ìsanra kù, tó ti padà sílé ní Ẹdẹ, tí ojú ọgbẹ́ ti ń jinná, tí owó ti tán sílé ìwòsàn, tí dókítà ní kó má tíì gbé ohun tó wúwo, tí ṣíbí ògì mélòó kan sì ti yó o. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Kí ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú?

Ọ̀pọ̀ ará ilé kì í ka ìbéèrè yìí sí. Lójú tiwọn, ẹni tó rí owó ńlá ṣe iṣẹ́ abẹ, tó sì jí dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá. Ọpẹ́ tọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọpẹ́ kò ní kí ọjọ́ má gùn, inú irú ọjọ́ gígùn bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ìsanra tí ọ̀bẹ lé lọ ti ń rí ọ̀nà padà wálé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa fojú kéré rẹ̀ bí ilé bá ń sú ẹni tó ń gbádùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àgàgà ẹni tí kò lówó fàájì.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ní 1954, Kremen àti Linner, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde lórí bí a ṣe lè gé ọ̀nà ìfun kúrú. Ní 1967, Edward Mason àti Chikashi Ito ní Yunifásítì Iowa kọ̀wé lórí èyí tí wọ́n fi ń dá agbẹ̀du pín, tí oúnjẹ á fi gba ọ̀nà àbùjá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni pé kí wọ́n gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbẹ̀du tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dànù, kí ìyókù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá aṣọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Abuja ń ṣe é. Àwọn mìíràn máa ń lọ sí Íńdíà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bìrìtìkó sì ń rí i gbà lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, láìsanwó bí ìwọ̀n ara wọn bá kún ojú òṣùwọ̀n. Ní ti ẹni tó ti Ẹdẹ lọ, àpò ara rẹ̀ ló máa ń sábà fi san án: owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó èsúsú, owó tí ọmọ tàbí àbúrò fi ránṣẹ́, nígbà mìíràn owó ilẹ̀ tó tà. Nígbà tó bá fi máa délé, gbèsè ti lè wà nílẹ̀.

Ohun kan tó yani lẹ́nu nínú iṣẹ́ náà ni bí ebi ṣe ń rọlẹ̀. Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní Japan ṣàwárí họ́mónù kan tí wọ́n pè ní ghrelin, tó máa ń kéde fún ọpọlọ pé ebi ń pa ni. Apá òkè agbẹ̀du ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde, apá òkè yẹn gan-an sì ni wọ́n ń gé dànù nínú iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ yẹn. Nítorí náà, fún oṣù mélòó kan, ebi inú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá. Èyí tí ọ̀bẹ kò kàn ni ebi ojú, ìyẹn ìfẹ́ láti jẹ nítorí pé a rí i, nítorí pé a gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí pé ẹnu dákẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni ebi ojú àti ọwọ́ tó dilẹ̀.

Ẹ wo bí oúnjẹ ṣe ń pín ọjọ́ fún ará Ẹdẹ. Kí oòrùn tó yọ, òórùn àkàrà ti gba àdúgbò kan. Ọ̀sán dé, a ń ronú ohun tí a ó sè. A dé Ọjà Tìmì, a yọwó ata, a yọwó ẹran, a bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́. Àlejò dé, a ní kó wá jẹun. Ọjọ́ Sátidé, àríyá wà. Kì í ṣe ikùn nìkan ni gbogbo èyí ń kún, ọjọ́ pàápàá ló ń kún. Bí wọ́n bá wá yọ oúnjẹ kúrò láàárín rẹ̀, tí oúnjẹ di ife kékeré kan lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń lọ sí ọjà, sí ìdí àdògán àti sí ìdí àwo á ṣófo gbayawu. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà pé wákàtí wọ̀nyí ń bọ̀. Dókítà sọ̀rọ̀ ọgbẹ́, ó sọ̀rọ̀ oògùn, ó sọ̀rọ̀ omi mímu. Bí ọjọ́ yóò ṣe kún, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò wá a rí.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí agbẹ̀du rẹ̀ ti kéré kò lè jókòó ti àwo iyán kó jẹ ẹ́ tán mọ́, ewu tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ewu rẹ̀ ni jíjẹ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́: ṣinṣín ẹ̀kúnwọ́ kan, bísíkítì méjì, aísìkiriìmù ọmọdé, mínírà tí wọ́n ṣẹ́ kù. Àwọn ohun dídùn tó ń yọ́ lẹ́nu kì í pẹ́ nínú agbẹ̀du kékeré, wọn kì í jẹ́ kó yó, bẹ́ẹ̀ ni ara ń ka gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n dá agbẹ̀du rẹ̀ pín, tí oúnjẹ ń gba ọ̀nà àbùjá, tún lè rí ìyà mìíràn lára ṣúgà: àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, inú á run ún, yóò sì gbuuru. Nǹkan mìíràn tún wà tó burú ju ṣinṣín lọ. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2012 lórí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, àwọn tí ọtí ti di ìṣòro fún jẹ́ 7.6 nínú 100 lọ́dún tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó di ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti di 9.6, àwọn tí wọ́n dá agbẹ̀du wọn pín ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọtí tètè ń gun irú wọn lórí. Ẹni tí oúnjẹ ti jẹ́ ìtùnú rẹ̀ látẹ̀yìnwá lè lọ wá ìtùnú lọ sídìí paraga, tàbí sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ níbi tí owó ẹgbẹ̀rún kan ti ń bọ́ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Kí ọwọ́ tó kó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ti rí ohun mìíràn dì mú.

Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ní èyí, àwọn tó ti là á kọjá wà, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ní Ẹdẹ níbí. Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní Austria tí wọ́n bí ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Kò pẹ́ tó dé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn àìsàn náà, Ẹdẹ ló wá gbé, níbi tí Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ìlú náà, ti gbà á bí ọmọ. Nígbà yẹn, kò tíì gbọ́ Yorùbá. Ayàwòrán ni kó tó wá, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa níbí ló ti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ó ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ohun èlò olówó gọbọi kọ́ ni ẹ̀kọ àti aró, ohun tí ìyá aláró gbogbo ń lò ni. Obìnrin tí àìsàn fẹ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́ yẹn dàgbà dé ẹni ọdún 93 kó tó kú ní Òṣogbo ní 2009, lẹ́yìn tí igbó Ọ̀ṣun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe ti wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsanra, ẹni tó bá sì fẹ́ lè yàgò fún òrìṣà. Síbẹ̀, ohun tó ṣe wà níbẹ̀: ara tó ń gbádùn bọ̀, ilé àjèjì, ọwọ́ tó kọ́ iṣẹ́ tuntun lára ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹni kejì súnmọ́ ọ̀rọ̀ ikùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Henri Matisse, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1869, jẹ́ akọ̀wé lọ́ọ́yà nígbà tí àìsàn ìfun dè é mọ́lẹ̀ lẹ́ni ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ ra àpótí ọ̀dà fún un kó má bàa sú u, ibẹ̀ ló sì ti di ayàwòrán. Ní 1941, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un nínú ikùn, kò sì lè dúró pẹ́ mọ́. Ó mú síṣọ́ọ̀sì àti bébà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, ó ń gé e lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí àga, iṣẹ́ bébà yẹn sì wà lára èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù lónìí. Ní ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kò sí àìsàn kankan lọ́rọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ tó dilẹ̀ lásán ni. Ó jẹ́ ìráńṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó, ó sì máa ń jókòó títí kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́ẹ̀dì kọ ìtàn sórí bébà àlòkù. Nígbà tó di 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí The Palm-Wine Drinkard.

A kò sọ pé kí gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ di olókìkí. Ohun tó yẹ kó wọ̀ wá létí ni bí iye tí ohun èlò wọn jẹ́ ṣe kéré tó.

Iṣẹ́ tí iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ gbé wá ni ó yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aṣọ. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ara máa ń rù kíákíá, á sì máa rù lọ fún bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ìró kò ní wàhálà, a ó kàn tún un ró ni. Ti bùbá, ti kaba àti ti ṣòkòtò ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ra aṣọ tuntun ní gbogbo oṣù á jẹ gbèsè, ẹni tó bá sì ń wọ ti àtijọ́ bó ṣe wà á dà bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́, òwú àti téèpù ìwọ̀n télọ̀ kan ti tó. Kó tú ẹ̀gbẹ́ bùbá, kó rán an wọlé, àmọ́ kó má gé ohun tó bá yọ dànù, nítorí ara kò tíì dúró síbi kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà òwú lè wọ́. Kó jókòó ti télọ̀ àdúgbò fún ọ̀sán mélòó kan, kó bá a tú aṣọ, kó bá a di bọ́tìnnì, ọ̀pọ̀ télọ̀ ló máa gbà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti lè máa tún aṣọ àwọn ọmọ ilé ṣe, ó sì lè máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹwà mìíràn wà nínú rẹ̀: ọwọ́ tó di abẹ́rẹ́ àti aṣọ mú kò lè wà nínú ọ̀rá ṣinṣín lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ kejì kò ná ju fífi fóònù sílẹ̀ kó gba ohùn lọ. Gbogbo agbo ilé ní Ẹdẹ ló ní oríkì, àwọn tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ sì ń dínkù. Ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni Ẹdẹ, ìlú àyàn ni pẹ̀lú. Ọba John Adetoyese Laoye Kìíní, Tìmì, ìyẹn ọba Ẹdẹ, tó jọba láti 1946 sí 1975, ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá nínú ìwé ìròyìn Odù ní 1959. Bí ọba bá lè jókòó kó kọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ láàárín gbogbo iṣẹ́ ààfin, ẹni tó ń gbádùn nílé lè kọ oríkì ilé baba rẹ̀. Kó lọ bá àgbàlagbà ẹbí: "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá mi ki ilé wa, kí n gbà á sílẹ̀." Màmá kò ní kì í tán lọ́jọ́ kan. Yóò dúró, yóò ní òun ti gbàgbé ẹsẹ̀ kan, yóò rán an sí màmá mìíràn ní agbo ilé kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti rántí, ó tún fi ìtàn ogun tàbí ti ìgbéyàwó kan kún un. Nígbà tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bá dé ilé, kó gbọ́ ohùn náà díẹ̀díẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kó fi àmì sí i, kó béèrè ohun tí kò yé e. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ nìyẹn, owó ìwé kan ni. Màmá náà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọpọ́n ayò tún ń bẹ: ilé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n, a ó gbẹ́ ilẹ̀. Ó máa ń gba gbogbo ọkàn, ó ń gba ọwọ́ méjèèjì, ọ̀ta tó mọ ayò sì ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ tó máa mú ẹ̀rín jáde lára ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Gbígbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sínú bàsíà tó ti lu tún wà lára ohun tó lè ṣe. Irúgbìn rẹ̀ kò wọ́n, tẹ̀tẹ̀ á sì tó jẹ láàárín bí oṣù kan. Kí wọ́n sáà má fi báàkẹ́ẹ̀tì ńlá bomi rin ín, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kéèyàn gbé ẹrù wúwo títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà yóò fi kọjá. Ife kékeré ni kí wọ́n lò.

Ìrìn sì jẹ́ oògùn, kì í ṣe fàájì nìkan. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni wọ́n ti ń sọ fún aláìsàn pé kó dìde, kó rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí dókítà bá ti ní ó tó, àjọ ìlera àgbáyé gbà kí àgbàlagbà máa rìn tàbí ṣeré tó ń mú kí ara gbóná fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Kí oòrùn tó mú ni kó jáde. Kó gba ọ̀nà Òkè Gadà lọ́jọ́ kan, kó gba ọ̀nà ojú irin lọ́jọ́ kejì, ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 tó sì gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, kó wo bí ìlú ṣe ń yí padà pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó yí i ká. Bàtà rírọ̀ kan ló nílò. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nigbín fi ń gun igi.

Níbi owó, òwe tó bá a mu ni pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èèyàn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní láti mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fún owó pọ̀ àti ibi tó ti lè ṣẹ́ ẹ kù. Ohun mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ dín owó wọn kù: púrótéènì, fítámì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ń fẹ́ kí aláìsàn jẹ púrótéènì tó tó gíráàmù 60 lójúmọ́, ó kéré tán, ẹyin kan sì ní bíi gíráàmù mẹ́fà. Ògì dára fún ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rọ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ sítáàṣì, kì í gbé ara ró fúnra rẹ̀. Kó po mílíìkì tàbí sóyà mọ́ ọn. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri rọ̀, ó kún fún púrótéènì, owó rẹ̀ kò tó ti ìyẹ̀fun aláràbarà inú ike tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Ẹja, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè dáadáa tó sì rọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n yọ èèpo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní Ọjà Tìmì. Kó jẹun fún ogún ìṣẹ́jú, kó rún un kúnná, kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ kó tó mu ún. Ní ti fítámì, irin àti kálísíọ́ọ̀mù, títí ayé ni. Kí irin àti kálísíọ́ọ̀mù má jọ wọlé, kó jẹ́ wákàtí méjì láàárín wọn. Wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, nítorí náà, kó máa fi owó rẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ṣe é ní Bìrìtìkó ní ẹ̀tọ́ sí àbójútó ọdún méjì, ó kéré tán, lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é fún un. Àwa tí a wà nílé la máa fi owó ara wa ṣe tiwa.

Àgbo, paraga àti tíì ìfọnú tí wọ́n ń kiri ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Bákan náà ni oògùn ara ríro bíi ibuprofen, tó lè dá egbò sínú agbẹ̀du, pàápàá lára ẹni tí wọ́n dá agbẹ̀du rẹ̀ pín.

Àwọn àgbà sọ pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹni tí agbẹ̀du rẹ̀ ti kéré mọ òtítọ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, àwùjọ rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, rírù kì í jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ẹnìkan á pàdé rẹ̀ lójú títì: "Àǹtí, ẹ ti rù o! Ṣé kò sí nǹkan o?" Ẹlòmíràn á fojú wò ó, á kọjá, á sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń ti ara wọn mọ́lé, bí ilé sì ṣe ń tì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sú wọn sí i. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí kò gùn ni kó kọ́: "Ara mi le, ẹ ṣé. Dókítà ló ń bá mi dín in kù." Kò pọn dandan kó sọ fún gbogbo ayé pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọn mọ̀, wọ́n á máa bá a dá àwọn mìíràn lóhùn.

Ní òde àríyá, ipò ló máa ń gbà á. Ẹni tó jókòó lásán sídìí tábìlì, àwo ìrẹsì ni yóò máa wò. Kó gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olóde: kíkọ orúkọ àwọn tó mú ẹ̀bùn wá, mímú àgbàlagbà lọ síbi ìjókòó, títọ́jú owó tí wọ́n ń ná fún olórin. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé oúnjẹ kò dùn ni, kó ní ó dùn, òun ti yó. Asalátù ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ìpàdé àwọn ọmọ agbo ilé, gbogbo èyí ń gba wákàtí láìgba owó. Ẹdẹ kún fún mùsùlùmí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń kan ọ̀pọ̀. Ẹni tí agbẹ̀du rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéré kò lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lálẹ́ mu gbogbo omi tí ara rẹ̀ ń fẹ́, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń ní kí wọ́n má tíì gbà á. Al-Kùránì fún aláìsàn láyè láti san án padà nígbà mìíràn. Kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé, kó bá áfáà sọ ọ́ pẹ̀lú. Ìyẹn kò ní kó má lọ síbi ìṣínu. Kó jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀, kó fá wàrà rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kékeré.

Ìgbà kan wà tí kì í ṣe ọwọ́ tó dilẹ̀ ló ń ṣe aláìsàn mọ́. Ẹni tó bá ń bì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lè pàdánù fítámì B1, kí ẹsẹ̀ máa ta á ṣín-ín-ṣín-ín, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, kí iyè rẹ̀ má já gaara. Ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀, á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè ṣe ohun kan, ará ilé á sì ní ọ̀lẹ ni. Bí ọkàn bá sì bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdáwọ́ dúró, tí oorun kò wá, tí ẹni náà ń sọ pé ìbá sàn kí òun ti kú, ayò àti abẹ́rẹ́ kò tó o mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ẹdẹ. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) wà ní Òṣogbo, kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Dókítà tí yóò rí níbẹ̀ lè má tíì mọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní Èkó, nítorí náà kó mú ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n fún un dání, pẹ̀lú bébà kan tó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí, orúkọ irú rẹ̀, oògùn tó ń lò, ìwọ̀n ara rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ yìí àti àwọn wákàtí tó máa ń jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ebi ń pa á.